Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìyàwó Mi Láti Gbé Ikọ́ Mì

Ìyàwó mi kì í mu omi díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, bó bá ti ìdí iná pùpurú dé, ife ńlá ni yóò gbé, yóò gbé orí sẹ́yìn, ọ̀fun rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, kò sì ní gbé ife náà kúrò lẹ́nu títí yóò fi gbẹ. Á wá mí kanlẹ̀, á ní, "Olúwa, o ṣeun." Mo ti gbọ́ mímí yẹn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, n kò kà á sí nǹkan kan. Ohun tí etí ń gbọ́ lójoojúmọ́, etí kì í kí i káàbọ̀.

Ilé wa wà ní Ọ̀rẹ̀, ní apá ibi tí a ti ń lọ sí Òdìgbó. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Omifunfun, mo kọ́ wọn ní Ajue níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí ìyàwó mi lójú ọ̀nà oko bàbá rẹ̀, mo sì parí iṣẹ́ náà sí Ọ̀rẹ̀. Títí di òní, Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Òun náà kò pè mí ní nǹkan mìíràn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pùpurú. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni a ó rẹ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n rìbìtì bíi bọ́ọ̀lù, a ó wá tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín yan án. Lẹ́yìn náà ni a ó ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú kúrò, a ó gún un, a ó sì rò ó lórí iná bí ẹni ro ọkà. Ẹni tó bá jẹ pùpurú ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá lọ sí Bìní, yóò ní kí dírẹ́bà dúró ná.

Ahọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wúwo. Òun ló máa ń dá orin nílé àdúrà wa. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dá orin, ọ̀rọ̀ sì ń yọ́ pọ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀ bí ọ̀rá tó sún mọ́ iná. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó Tíṣà, ẹmu ta ni ẹ mu láàárọ̀ yìí?"

"Ẹmu bàbá rẹ ni. Ó ní kí n kí ọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò já geere, ṣùgbọ́n èébú rẹ̀ pé, gbogbo wọn sì tún rẹ́rìn-ín. A rò pé eyín ni. A yọ eyín kan. Ahọ́n kò fúyẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí pá a lórí. Bó bá ti mu ún, á wúkọ́ títí omijé yóò fi bọ́. Ẹ mọ ohun tí àwa máa ń ṣe bí omi bá pá ènìyàn lórí: a ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú ní àtàrí jẹ́jẹ́, a ó ní ẹnìkan ló ń dárúkọ rẹ̀ níbì kan. Bí èmi náà ṣe ń ṣe fún un nìyẹn.

"Ta ló ń pè mí, Tíṣà?"

"Ọmọ rẹ obìnrin ní Àkúrẹ́ ni. Ó tọ́ ọbẹ̀ ara rẹ̀ wò, kò dùn, ló bá rántí tìẹ."

"Ọmọ yẹn ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Ẹ ní kó tẹ̀ mí láago, kó fi ọ̀fun mi sílẹ̀!"

À ń rẹ́rìn-ín. Òun á tún wúkọ́ nínú ẹ̀rín náà, èmi á tún lu àtàrí rẹ̀. Oṣù mélòó kan la fi ẹ̀rín bo ikọ́ náà mọ́lẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin yìí ló wá láti Àkúrẹ́, tó wo ìyá rẹ̀ lójú, tó ní a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa díẹ̀. Dókítà ibẹ̀ fi òòlù kékeré lu eékún rẹ̀, ó ní kó na ìka, kó yọ ahọ́n. Mo bẹjú wo ahọ́n náà. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu, kò sọ̀rọ̀, kò jẹun, síbẹ̀ ó ń mì rìrì, bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé eyín kọ́.

Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé fún wa. Ó ní àwọn fọ́nrán kan wà tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sínú ẹran ara. Ẹran ara kò ṣàìsàn, ọpọlọ náà kò gbàgbé, ṣùgbọ́n fọ́nrán tó wà láàárín wọn ló ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tìyàwó mi ti ahọ́n àti ọ̀fun bẹ̀rẹ̀. Yóò dé ọwọ́, yóò dé ẹsẹ̀, yóò dé ibi èémí. Mo béèrè oògùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, a lè tọ́jú wọn. A kò lè wò ó sàn." Ọmọ mi jáde lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fi gèlè bo ojú.

Dókítà wá ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a padà wá rí ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀fun nìkan. Ẹni náà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mu ń gba ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò ṣí ojú kékeré sí i níkùn, wọn yóò ki rọ́bà sí i, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti omi yóò máa gbà.

Nínú ọkọ̀, a ti kọjá Òdìgbó. Ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ọ̀rọ̀ ti ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn, ó ń ṣà wọ́n jáde bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ẹnu mi lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fẹ́ gbà á?"

"Èmi tí mo bọ́ gbogbo Ọ̀rẹ̀. Wọ́n á wá máa rọ oúnjẹ sí mi níkùn bí ẹni ń rọ epo sínú ọkọ̀?"

Mo ní, "Wọn ò ní gbà á." Mo ṣèlérí fún un bẹ́ẹ̀, lórí ohun tí n kò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí kò sí ẹni tó bá mi dá ọ̀ràn náà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, n kò rán ọmọ kan lọ ṣe ìdánwò láìkọ́ ọ ní ohun tí wọn yóò bi í. Ìgbéraga mi ni. Nígbà tí dókítà ní wọn yóò yẹ ìyàwó mi wò, ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ní ìdánwò kan níwájú, pé ẹni tó bá yege yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun lọ. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ó ní wọn yóò fún un lómi pẹ̀lú ṣíbí, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ife. Bó bá ti gbé e mì, wọn yóò ní kó sọ pé "aa". Bó bá wúkọ́, tàbí bí ohùn rẹ̀ bá ń hó bí ẹni tí omi wà lọ́fun, omi náà ti yà sọ́nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Tíṣà?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

"Tíṣà ò kàn fẹ́ mọ nǹkan rí," ó ní, ó sì ń wò mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la bẹ̀rẹ̀. Mo gbé bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ àjà pùpurú tí kò ríná mọ́, mo gbé àwo omi àti ṣíbí ka iwájú. Mo ní kó jókòó gbọọrọ. Mo ní kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀, kó fi kan àyà. Gbé omi mì lẹ́ẹ̀kan, tún ọ̀fun gbé mì lásán lẹ́ẹ̀kejì. Dúró. Fi imú mí. Wàyí o, sọ pé "aa". Àwọn wọ̀nyí kò burú. Mo padà gbọ́ pé àwọn elétò ìlera náà máa ń kọ́ni ní díẹ̀ nínú wọn. Ohun tó burú ni ohun tí mo fi lé e. Bí ikọ́ bá ń bọ̀, mo ní, "Pa ètè dé. Má jẹ́ kó jáde. Gbé e mì."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Mo fajú ro, bí mo ti ń fajú ro ní kíláàsì. Ọjọ́ kẹta, ó fi ọwọ́ gbá itan, ó fún ètè pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, ikọ́ kò jáde. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá, ó ń gbé ṣíbí mẹ́ta mì tẹ̀lé ara wọn láìsí ariwo. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ fún mi ní máàkì, Tíṣà."

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá."

"Kí ló mú ọ̀kan tó kù lọ?"

"Ojú rẹ ń ṣomi."

Ó fi etí ìró nu ojú. "Ẹ tún un máàkì báyìí."

Ọjọ́ ìdánwò pé, èmi àti ọmọ wa sì gbé e lọ. Ẹni tó ń rí sí ọ̀fun náà, ọmọbìnrin kan ni, kò dàgbà ju ọmọ wa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa kó tó jókòó. Ó há nǹkan kékeré kan mọ́ ìyàwó mi níka, iná pupa ń tàn nínú rẹ̀; ó ní yóò máa sọ fún òun bóyá atẹ́gùn tó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó gbé ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà, ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun rẹ̀.

"Màmá, ẹ yọ ahọ́n. Ẹ gbé e sápá ọ̀tún. Sósì. Ẹ fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fun fèrè. Ẹ ṣeun. Ẹ wúkọ́ fún mi báyìí, ẹ wúkọ́ bí ẹni tí inú ń bí."

Ìyàwó mi wo ojú mi. A kò kọ́ èyí. Ó gbìyànjú, ohun tó jáde kò ju èémí àárẹ̀ kan lọ, bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ pa fìtílà tí kò sì kú. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Omi wá kàn. Ṣíbí kan. Ó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀, ó gbé e mì, ó tún ọ̀fun gbé mì. "Aa." Ṣíbí kejì. Ẹ̀kẹta. Ife kékeré. Kò wúkọ́. Ọmọbìnrin náà tẹ́ etí sí ọ̀fun rẹ̀ pẹ́, ó wo iná pupa yẹn, ó tún wo ojú ìyàwó mi.

"Nílé ńkọ́, Màmá? Ṣé omi kì í pá yín lórí?"

Kí ìyàwó mi tó la ẹnu, mo ti dáhùn. "Rárá o."

"Oúnjẹ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn?"

"Bó ṣe máa ń rí náà ni."

"Aṣọ wọn kò ti ń tóbi sí wọn lára?"

Mo wo bùbá rẹ̀, tí ọmọ wa fi abẹ́rẹ́ há lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ náà kó má baà yọ̀ léjìká. Mo ní, "Ara àgbà ni."

Ọmọ mi gbójú sókè wò mí, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Mo tọ́ ọmọ náà dáadáa. Kò lè la ẹnu níwájú àlejò kó ní irọ́ ni bàbá òun ń pa. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ̀kọ́ ilé yẹn ni mo fi ń yangàn.

Ọmọbìnrin náà ní, "Bàbá, ohun tí mo rí yìí dára ju ohun tí mo retí lọ. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú." Ó ní kí a máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí a má kánjú, kí a pe òun bí ibà bá dé. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún wa. Lórí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde, wọ́n sún ọ̀rọ̀ rọ́bà sí oṣù mẹ́ta.

A padà wá sílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ìyàwó mi ń fi ọwọ́ gbá mi lápá nínú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè rín.

Ní ọjọ́ Àìkú, a lọ dúpẹ́. Nílé àdúrà tiwa, ẹni tó bá mú ọpẹ́ wá, a ó fún un ní ife omi tí a ti gbàdúrà sí látàárọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ló máa mu ún, kò sì gbọdọ̀ gbé e kúrò lẹ́nu àyàfi bó bá tán. Wòlíì wa, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ má bá mi fi ẹ̀bi kankan kàn án. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ilé ìwòsàn ní ọ̀fun rẹ̀ dá. Ó gbé ife lé e lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ mu ún dé ìsàlẹ̀. Ìbùkún kì í ṣẹ́ kù sínú ife."

Mo dúró tì í. Mo lè sọ pé ó tó. Ojú ìjọ ni, ọpẹ́ wa ni, ayọ̀ sì ti gbà mí lọ́kàn. Ó gbé orí sẹ́yìn bó ti máa ń gbé e látijọ́, ó sì mu ún. Gbogbo ilé ń kọrin. Nígbà tí ife gbẹ, mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ètè rẹ̀ wà ní dídé pinpin. Omijé ń bọ́ ní ojú méjèèjì, àwọn ènìyàn rò pé ayọ̀ ni, wọ́n kígbe Halelúyà. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣe nínú gbogbo ìjọ yẹn. Ó wo ojú mi. Mo mi orí sí i, bí mo ti máa ń mi orí sí ọmọ tó rántí ìdáhùn.

Kò wúkọ́.

Ọjọ́ kẹta ni ibà dé. Ọjọ́ kẹrin, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀rẹ̀ níbí, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, dókítà tó wò ó ní omi àti èérí ẹnu ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti di egbò níbẹ̀. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí a lò lórí ibùsùn yẹn. Ó bọ́, ó dìde, ṣùgbọ́n ẹni tí mo gbé wọlé kọ́ ni mo gbé jáde. Ohùn rẹ̀ ti lọ pátápátá. Ó ti di kó máa fi ìka kọ ọ̀rọ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́.

Ọmọ mi ló pe ọmọbìnrin ọ̀fun náà. Àwọn òbí rẹ̀ wà lápá Bìní, ẹni tó bá sì ń lọ sí Bìní, Ọ̀rẹ̀ ló máa gbà. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gun ọ̀kadà wá sílé wa, ó ní kí a má ṣe wàhálà, kí a kàn jẹun bí a ti máa ń jẹun, òun fẹ́ wò ni. Mo gbé ife omi fún ìyàwó mi. Ó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀, ó gbé e mì, ó fún ètè pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbá itan. Ọmọbìnrin náà gba ife náà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ta ló kọ́ Màmá láti máa gbé ikọ́ mì?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé, sà?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kó yege."

Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí. Ó fa àga sún mọ́ mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kò sí yíyege nínú ohun tí mò ń ṣe yìí. Bí òrùlé bá ń jò, ẹni tó gun orí ilé kò wá fún ilé ní máàkì. Ibi tó ń jò ló ń wá. Ikọ́ ni ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Bí nǹkan bá fẹ́ yà síbẹ̀, òun ló ń lé e jáde. Ẹ ti ní kó sùn."

Ìyàwó mi na ọwọ́ sí i, ó kọ nǹkan sí i látẹ́lẹwọ́. Ọmọbìnrin náà kà á sókè: "Ẹ má bá Tíṣà jà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́."

Ó wá yẹ̀ ẹ́ wò lákọ̀tun, wọ́n sì fi ikọ́ sílẹ̀ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Omi lásán: ikọ́ dé lẹ́yìn ṣíbí àkọ́kọ́, iye atẹ́gùn tí iná pupa yẹn ń kọ sì lọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ tútù tó ki: ó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Ẹ̀wà tí a lọ̀, tí a sẹ́: ó pẹ́, ó lọ. Nígbà tí ó kan òkèlè, òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí pùpurú tó wà nínú àwo mi. Ọmọbìnrin náà gé èyí tí kò ju èékánná lọ, ó fi kàn án lẹ́nu. Ahọ́n kò lè gbé e kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó ń gbìyànjú, itọ́ ń ṣàn sí i lágbọ̀n, ojú rẹ̀ sì ń wo ibòmíràn. Ọmọbìnrin náà fi ìka yọ ọ́ jáde, ó nu ẹnu rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe pùpurú fún gbogbo ọ̀nà Bìní.

Ó yà mí lẹ́nu pé omi ló le jù. A ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Ó ní, "Omi kò ki, Bàbá. Ó ń sáré ju ọ̀fun tó ti rẹ̀ lọ."

Mo ní ó dára, kí wọ́n wá fi rọ́bà náà sí i. Mo ti múra àtibẹ ìyàwó mi fúnra mi pé kó gbà. A padà sí ilé ìwòsàn ńlá yẹn, wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan. Ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó mú mi jáde. Ó ní èémí rẹ̀ kò lè gbé e la iṣẹ́ abẹ náà já mọ́. Ó lè sùn sórí tábìlì kó má jí. Ó ní ìgbà tó kọ́kọ́ wá, kí àyà rẹ̀ tó dá egbò, ó ṣeé ṣe.

N kò tíì rí ibi tí mo lè gbé gbólóhùn yẹn sí.

Ẹ̀kọ ni a fi gbé e dé ibi tó dé. Èmi ni mò ń bọ́ ọ, n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á. Ṣíbí kan, kó gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì, kó sinmi, kó wúkọ́ bí ikọ́ bá ń bọ̀. "Wúkọ́," ni mò ń sọ báyìí. "Wúkọ́ o, ìyá àwọn ọmọ, má dí i." Àwo kékeré kan a máa gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà mìíràn, ẹ̀kọ á ti di omi nínú ooru kí a tó dé ìdajì, màá lọ se òmíràn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò béèrè oúnjẹ kankan lọ́wọ́ mi. Omi ló ń béèrè. Á fi ìka kọ ọ́ sí mi lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́ta. Màá ní, "A ó mu ẹ̀kọ." Á tún un kọ.

Ọmọbìnrin ọ̀fun náà máa ń pè mí lórí fóònù. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ìgbà kan ń bọ̀ tí òfin omi yóò tú, pé bí Màmá bá ti sún mọ́ òpin, tó sì fẹ́ fi omi kan ẹnu, tó mọ ewu rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí n má fi dù ú. Mo ní, "Báwo ni màá ṣe mọ ìgbà náà?" Ó ní, "Ẹ ó pè mí."

N kò pè é. Ọ̀sán ni, òjò ti rọ̀ tán, ara rẹ̀ tutù ju ti àná lọ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́. Ó tọ́ka sí ife. Mo rẹ òwú sómi, mo fi í pa á létè. Ó fi ètè di òwú náà mú bí ìkókó, mo ní láti rọra fà á jáde. Ó tún tọ́ka sí ife. Mo ní, "Ó tó. Dókítà ní kò dára." Ó fi ìka kọ ọ́ sí mi lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́ta. Mo pa ọwọ́ dé mọ́ ìka rẹ̀. Mo rò pé àárọ̀ ọ̀la wà, pé bó bá di àárọ̀ ọ̀la màá pe ọmọbìnrin náà. Ìyàwó mi wò mí pẹ́. Kò bínú. Ó wá yí ojú sí ògiri, mo sì rò pé oorun ni. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí ní mọ́ṣáláṣí gáréèjì, ó ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ dé láti Ajue lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Tíṣà, kí ló béèrè gbẹ̀yìn?"

"Omi."

"Ẹ fún un?"

"N kò fún un."

Ó gbé orí sókè, ó wò mí. "Nítorí kí ni?"

"N kò fẹ́ kó kú."

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ọwọ́ náà wúwo, ó sì fi í síbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé.